Ọwọ́ Ìyá Àrínọlá ní Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin

Lọ́dún 1975, nígbà tí wọ́n ń la títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, ilé ìwòsàn kan wà ní Òkokomaikò. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi Àdìsá ni mo ń fọ aṣọ fún wọn. Bẹ́ẹ̀dì méjìlá ló wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, mẹ́wàá ní ti obìnrin. Mọ́ńdè àti Tọ́sìdé ni mo máa ń wá kó aṣọ, obìnrin tó sì máa ń kà á lé mi lọ́wọ́ ni Ìyá Àrínọlá. Apá kan ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Ìyókù, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù.

Ọ̀ṣunbíyìí lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ẹdẹ. Nígbà tó wọ ìjọ aláṣọ funfun ní Ìyànà Ìbà, Wòlíì Joseph ní kó fi orúkọ odò yẹn sílẹ̀, kó máa jẹ́ Rúùtù. Ó ní, “Bàbá, odò náà ò tíì gbẹ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Iṣẹ́ ẹ̀ nílé ìwòsàn ni kó gbálẹ̀, kó nulẹ̀, kó da póò, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tó bá sì bá a sọ̀rọ̀, á dúró gbọ́ ọ parí.

Abẹ́rẹ́ tó tán ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Owó epo pọ̀ nílùú lọ́dún náà, àmọ́ èbúté Àpápá kún fọ́fọ́ fún ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì wá. Sísítà Ládépọ̀, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ló ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ìrora wà nínú ọkọ̀ kan lójú òkun, sìmẹ́ǹtì ló dí i lọ́nà.

“A lówó, a ò ní abẹ́rẹ́,” ó ní. “Ṣé náírà ni kí n máa fi gún wọn ni?”

Ní Mọ́ńdè ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, wọ́n gbé bíríkìlà kan wọlé, Àdìgún, tó já bọ́ láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Igbó-Elérin. Egungun ìhà ẹ̀ mẹ́ta ló kán. Ó pariwo láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn án lójú láti wíńdò. Ìyá Àrínọlá ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ nígbà tó gbá a lọ́wọ́ mú.

“Màmá, ẹ má lọ.”

Kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó gbé ọwọ́ kejì, tó ṣì tutù, tó ń rùn ísààlì tí wọ́n fi ń nulẹ̀, lé e níhà, ó sì ń ka Sáàmù tó mọ̀ jù sínú. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ náà gbóná bí ìgbà téèyàn di kọ́ọ̀bù tíì mú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Àdìgún ti ń hanrun. Ẹni méje ló ṣojú wọn. Ìyẹn ṣẹlẹ̀, mi ò lè ní kò ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Sísítà ní, “Ìyá Àrínọlá, ẹ gbé mọ́ọ̀pù yẹn tì. Ẹ bá mi wo bẹ́ẹ̀dì kẹta.” Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀dì kẹta àti ìkẹsàn-án. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di iṣẹ́.

Òfin kan wà nínú ìjọ wọn. Tí wọ́n bá ti gbàdúrà fún ẹ, o ò gbọdọ̀ fẹnu pe àìsàn náà mọ́. Tí wọ́n bá bi ẹ́, o máa ní, “Ó ti lọ.” Tó o bá pè é, á gbọ́, á padà wá. Òfin yẹn ni Ìyá Àrínọlá ń kọ́ àwọn aláìsàn, kò ní èrò ibi nínú. Kì í ṣe àwọn aláṣọ funfun nìkan ló gbà á. Àwọn ìmàle gbà á, nítorí àwọn bàbá tiwọn náà ti kìlọ̀ fún wọn láti kékeré pé kí wọ́n má fẹnu ara wọn pe ibi.

Bí wọ́ọ̀dù ṣe dákẹ́ nìyẹn. Tó o bá ń kọjá lójú títì, o lè rò pé ilé ẹ̀kọ́ Kùránì tí wọ́n ti jáde ni. Kó tó di àárín oṣù kẹwàá, ẹni mẹ́tàdínlógójì ló ti gbé ọwọ́ lé. Mo bi í pé mélòó nínú wọn ni ìrora ò lọ lára ẹ̀.

“Ẹyọ kan ò sí.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tínú ẹ̀ ń dùn. Ó ní, “Àdìsá, ìwọ gbọ́ ibi tí wọ́n ti bi ẹni mẹ́tàdínlógójì ní ọ̀rọ̀ kan rí, tí ìdáhùn wọn ò yàtọ̀?”

Mo ní mi ò gbọ́ ọ rí.

Àrínọlá, ọmọ ẹ̀, bímọ ní Ẹdẹ lóṣù kẹsàn-án. Ìyá Àrínọlá tọrọ ọjọ́ mẹ́rìnlá láti lọ wẹ ọmọ náà. Sísítà ní, “Kí ni kí n wá ṣe fún àwọn méjìlá yìí? Kí n máa kọrin fún wọn?” Ó lọ bá Wòlíì Joseph pé kó bá òun bẹ Sísítà. Wòlíì ní àgbẹ̀ kì í kúrò lóko nígbà ìkórè, ó sì fi àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta lé e lórí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí agbára ọwọ́ náà má bàa dínkù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jẹ́ kó fọ abọ́ mọ́, kí ọwọ́ má bàa tutù. Nílé ìwòsàn, ọwọ́ kan náà ló fi ń da póò. Tó bá délé ní Ìbà, á bá èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀: orúnkún, ẹ̀yìn, orí túúlu. Ó wá ń wé ọwọ́ mọ́ inú ìró tó bá ń lọ lọ́nà. Mo rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń rìn bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Ní Wẹ́sìdé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, wọ́n gbé Bùràímọ̀ wọlé láago mẹ́jọ àárọ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó ń ṣe kọ́ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ típà tó ń kó iyanrìn títì. Irin ẹ̀yìn típà ló já lu ojúgun ẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Dókítà Fọlárìn to egungun náà, ó sì fi ẹfun tí wọ́n ń pè ní POP dì í láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ ìka nìkan ló yọ síta. Bẹ́ẹ̀dì keje ni wọ́n gbé e sí. Ìyàwó ẹ̀, Mùsítúrà, tó ń ta kẹrosíìnì lọ́jà Ọ̀jọ́, jókòó tì í.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, Bùràímọ̀ ti ń ké.

“Ẹsẹ̀ mi ń jó nínú nǹkan funfun yìí! Ó ń fún mi! Ó ń fún mi!”

“Ìwọ, dákẹ́,” Mùsítúrà sọ, omi sì wà lójú òun náà. “Ọmọ mẹ́rin ni mo bí fún ẹ, mi ò pariwo tó báyìí rí. Àbí ọmọ tìẹ fẹ́ gba ẹsẹ̀ jáde ni?”

Àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì yòókù rẹ́rìn-ín. Ìyá Àrínọlá wá, ó gbé ọwọ́ lé e nítan, lókè ibi tí POP parí sí. Ó gbàdúrà. Ó wá ní, “Bùràímọ̀ ọmọ mi, tí mo bá ti gbé ọwọ́ kúrò báyìí, má pè é mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ẹ́, ó ti lọ.”

“Tó bá jẹ́ dókítà ńkọ́?”

“Mo ní ẹnikẹ́ni.”

Bùràímọ̀ ní bísímílà, ó di ẹnu. Kò ké mọ́.

Láago márùn-ún, Dókítà Fọlárìn yí wọ́ọ̀dù ká. Ọmọdé ni dókítà náà, kò tíì pé ọdún kan tó ti òkè òkun dé, ó sì máa ń fara balẹ̀ béèrè.

“Bùràímọ̀, ṣé ó ń dùn ẹ́?”

“Ó ti lọ, dókítà.”

“Òógùn yìí ńkọ́?”

“Ooru ni.”

Àárọ̀ Tọ́sìdé láago mẹ́jọ, ó tún bi í. Ó ti lọ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹlòmíì, láago mẹ́sàn-án ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Aago mẹ́wàá ni mo dé. Ìyá Àrínọlá ń ka aṣọ fún mi: bẹ́ẹ̀dìṣíìtì méjìlá, aṣọ pílò méjìlá. Mo tú wọn wò. Mẹ́rin nínú aṣọ pílò ló ti ya létí, ibi tó ya sì tutù.

“Ìyá Àrínọlá, ṣé eku ti wọ wọ́ọ̀dù yín ni?”

Ó gba ọ̀kan. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì máa ń wà lára aṣọ pílò kọ̀ọ̀kan, dúdú, kí wọ́n má bàa pààrọ̀ ara wọn. Méjì, márùn-ún, méje, mọ́kànlá. Ó na ibi tó ya náà sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò. Ehín tò síbẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀.

“Àdìsá, eku wo ló ní ehín tó tóbi báyìí?”

Mo fi ìka mi tọ ojú ehín náà.

“Ti Mọ́ńdè ńkọ́?”

Mo yọ ìwé mi. Gbogbo èyí tó bá ya ni mo máa ń kọ síbẹ̀, kí wọ́n má bàa ní èmi ni mo ya á. Láti oṣù kìíní sí ìparí oṣù keje, mẹ́ta péré ló ya. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, ogójì ó lé ọ̀kan, yàtọ̀ sí mẹ́rin ti òní. Èmi rò pé aṣọ náà ti gbó ni. Mo ń lẹ̀ ẹ́, mo ń dá a padà.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó fi aṣọ pílò bẹ́ẹ̀dì keje lé orí itan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń lọ aṣọ. Lẹ́yìn náà ló dìde, mo sì tẹ̀ lé e, torí mi ò lè jókòó síbẹ̀ lémi nìkan.

“Bùràímọ̀, báwo lara?”

“Ó ti lọ, Màmá.”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá ó lọ. Ta ló jẹ aṣọ yìí?”

Ó yíjú sí ògiri. “Màmá, ẹ má jẹ́ n pè é. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo gbà á padà. Pè é.”

“Tó bá padà wá ńkọ́?”

“Ṣé ó lọ rí?”

Mùsítúrà fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ ẹ̀. “Dá ìyá lóhùn! Àbí ehín tèmi ni wọ́n fi jẹ ẹ́?”

“Kò lọ rí,” Bùràímọ̀ sọ, ohùn ẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè. “Láti àná, kò fìgbà kan lọ. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ wọ́n lára. Mo ní, à, ọwọ́ Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Ìyá Àrínọlá di àwọn ọmọ ìka náà mú. Èmi náà fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n tutù bí ẹja tó ti inú yìnyín jáde, wọ́n wú, wọ́n ń dán, àwọ̀ wọn ti ń di ti ẹ̀dọ̀.

Ó lọ bá Sísítà Ládépọ̀ nídìí tábìlì ẹ̀.

“Sísítà, mo fẹ́ rí dókítà. Irọ́ ni.”

“Èwo ni irọ́?”

“Ọwọ́ mi. Gbogbo ẹ̀. Ìrora ò lọ lára wọn, pílò ni wọ́n ń jẹ.”

Sísítà bọ́ awò ojú ẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. “Ìyá Àrínọlá, ẹ ò sọ nǹkan tuntun fún mi. Ọdún kọkàndínlógún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì rèé. Tí ẹnì kan bá ń ké, ìdajì wọ́ọ̀dù ò ní sùn. Ẹ̀yin dé, wọ́n dákẹ́, àwọn míì sùn lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ fún wọn lónìí pé kò sí nǹkan lọ́wọ́ yín, gbogbo wọn á bú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni mo fẹ́ fi gún wọn? Ẹ sọ fún mi. Kí ni?”

“Ẹsẹ̀ Bùràímọ̀ ti tutù.”

“Ẹsẹ̀ tó bá wà nínú POP máa ń tutù díẹ̀. Dókítà wò ó láago mẹ́jọ. Tó bá jáde láago méjìlá, á tún wò ó.”

“Ó purọ́ fún dókítà láago mẹ́jọ. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

“Aago méjìlá, Ìyá Àrínọlá. A kì í já wọ inú ibi tí wọ́n ti la inú èèyàn.”

Aago ara ògiri ń lu mẹ́wàá ààbọ̀. Ó jáde sí kọ́rídọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ wà lápá òsì, géètì wà lápá ọ̀tún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé géètì ló kọ́kọ́ wò. Ó ní tóun bá gba ibẹ̀ jáde, tóun wọ mọ́tò Ìbàdàn, òun á dé Ẹdẹ kílẹ̀ tó ṣú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó kọ́ ta ní irọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn apá òsì.

“Ta nìyẹn?” Ohùn dókítà le. “Màmá! Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?”

“Bẹ́ẹ̀dì keje purọ́ fún yín, sà. Èmi ni mo ní kó purọ́.”

“Irọ́ kí ni?”

“Pé kò dùn ún. Ó ń dùn ún láti àná. Ní báyìí kò mọ ọmọ ìka ẹ̀ mọ́.”

Dókítà gbé ojú sókè. “Kí làwọ̀ wọn?”

“Ti ẹ̀dọ̀.”

“Ẹ pe Sísítà. Ẹ ní kó gbé ayùn POP jáde kíá. Mò ń rán ibi tó kù yìí, mò ń bọ̀.”

Ó dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bùràímọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò padà síbẹ̀. Ó la POP náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, eruku funfun ń bọ́ sílẹ̀, ó tún la báńdéèjì abẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tú síta bí ẹ̀kọ ogi tó ru. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni Bùràímọ̀ la ẹnu, ó sì figbe ta. Mo lè sọ fún yín pé àwọn tó ń dúró de mọ́tò lójú títì yíjú padà. Mùsítúrà dì í mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Pariwo, ọkọ mi! Pariwo! Kí wọ́n gbọ́ ọ dé Ìṣẹ́yìn!”

Dókítà nu ojú ẹ̀. Ó ní ká ní ó di aago méjìlá ni, orúnkún lòun ì bá gé e dé. Ọmọ ìka kékeré méjì ló padà sọnù lára ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ Ìyá Àrínọlá lọ dúró sí àárín wọ́ọ̀dù. Gbogbo ojú wà lára ẹ̀.

“Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan fún un. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ di arọ. Ẹni tí ibì kan bá ń dùn, kó pè é. Kó sọ fún dókítà. Kó pariwo.”

Ó wá bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kọkànlá. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ló wà níbẹ̀, àgbẹ̀ láti Ìbà, tí jẹjẹrẹ ń jẹ ní ikùn.

“Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?”

“Ó ti lọ, Màmá.”

“Bàbá, mo rí pílò yín.”

“Ó ti lọ.” Ó gbá ọwọ́ ẹ̀ mú, ó fà á sí ikùn. “Ẹ gbọ́. Abẹ́rẹ́ ò sí. Dókítà ní kò sóhun tóun lè gé níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá gba èyí náà lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo máa dì mú?”

Ìyá Àrínọlá wo Sísítà. Sísítà wo ilẹ̀. Ìyá Àrínọlá ò fa ọwọ́ ẹ̀ yọ. Ó dúró síbẹ̀ títí Bàbá fi tu ìka ẹ̀ fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn mo ti kó aṣọ mi sínú àpò, mo ti dì í.

Ìyá Àrínọlá rò pé ìtìjú ló máa tẹ̀ lé e, ó sì ti múra fún ìtìjú náà. Ó ní tí wọ́n bá lé òun, òun á ríbi lọ sí Ẹdẹ. Ẹnu Mùsítúrà ni kò rò mọ́ ọn. Kí ọjọ́ Fúráìdé tó parí, gbogbo ọjà Ọ̀jọ́ ti gbọ́ pé Ìyá Àrínọlá wo inú POP bí ẹni ń wo dígí, ó rí ikú níbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì pàṣẹ fún dókítà. Ní Sọ́ńdè, Wòlíì Joseph sọ ọ́ lórí pẹpẹ. Ìyá Àrínọlá dìde láàárín ìjọ, ó ní, “Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀.

Mọ́ńdè ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, mo ka ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní géètì. Ìyá Àrínọlá bẹ Dókítà Fọlárìn kó jáde lọ bá wọn sọ òótọ́. Dókítà gbà. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, “Màmá yìí kì í ṣe oníṣẹ́ ìyanu. Ohun tó ṣe ni pé ó wo ẹsẹ̀ èèyàn dáadáa, ó sì sọ òótọ́ fún mi.”

“Ẹ gbọ́!” ẹnì kan ké láàárín wọn. “Dókítà fúnra ẹ̀ ti jẹ́rìí sí i!”

Ariwo ayọ̀ ta. Dókítà wo Ìyá Àrínọlá, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó padà wọlé.

Obìnrin kan tó ti Ìyànà Ìbà wá ló wà níwájú, Àṣàkẹ́ lorúkọ tó pe ara ẹ̀. Ó ní orúnkún òun ni, láti ìgbà tí katapílà ti wó ṣọ́ọ̀bù òun. Ìyá Àrínọlá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀ níbẹ̀.

“Mi ò ní fọwọ́ kàn yín,” ó ní. “Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín, kí n lè mọ bóyá dókítà ló máa rí i.”

Àṣàkẹ́ sọ ọ́. Ó sọ ti orúnkún, ó sọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ti ọkọ tó gba owó tí ìjọba fi ràn án lọ́wọ́, tó sì fi fẹ́ ìyàwó. Oòrùn ti ń pa wá. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì, wọ́n ń ní kó ṣe kíá. Ìyá Àrínọlá ò já a lẹ́nu. Ọwọ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn, mo ń wò wọ́n, ìka ti di ìka mú títí èékánná fi funfun.

Nígbà tó parí, obìnrin náà na ẹsẹ̀, ó ká a, ó tún un nà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn ọgbọ̀n tó kù.

“Ẹ wò ó,” ó ní. “Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí o. Ó ti fúyẹ́.”

Wọ́n ya wọ géètì.